Mo Fi Ọgbọ̀n Ọdún Ṣètò Ìgbéyàwó Àwọn Tí Owó Wọn Kò Tó

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àárọ̀ Sátidé ni àyà mi ṣì máa ń já. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá kàn máa rò pé ẹnìkan wà tí kò tíì dé: bóyá alásè ni, bóyá ẹni tó ń kó àga bọ̀ ni, mi ò mọ̀. Màá lọ síbi fèrèsé, màá wo ojú ọ̀run bóyá òjò ń ṣú. Ọkọ mi á ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, kò sí ìgbéyàwó kankan lónìí." Màá ní mo mọ̀. Síbẹ̀, mi ò ní kúrò níbi fèrèsé náà.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan láti Tanke wá bá mi nílé wa ní Basin, ní Ìlọrin níbí. Wọ́n ti fẹ́ parí ẹ̀kọ́ wọn ní yunifásítì, wọ́n sì fẹ́ sọ ètò ìgbéyàwó di iṣẹ́. Wọ́n ti ní orúkọ tí wọn yóò máa jẹ́, wọ́n tiẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Wọ́n bi mí pé báwo ni èèyàn ṣe lè ṣe ìgbéyàwó tó wu ọmọge fún un nígbà tí owó ò pọ̀, kí àwọn alásè àti àwọn oníkánópì má sì dójú ti ẹni. Mo dá wọn lóhùn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán ni mo wá rí i pé mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni bàbá mi fẹ́ fún mi, mo sì ṣe é fún ọdún kan àbọ̀, ṣùgbọ́n inú kíláàsì há mọ́ mi. Bí mo bá ti dúró níwájú pátákó, ẹsẹ̀ mi á máa wá ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe ìgbéyàwó ní àdúgbò Ṣàngó ní Ìlọrin, mo rí obìnrin kan tó gun àkàbà, tó ń fi aṣọ funfun bo ògiri gbọ̀ngàn tó ti dọ̀tí, tó sì ń pàṣẹ fún èèyàn mẹ́fà láìgbé ohùn sókè. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti lọ bá a pé kó gbà mí síṣẹ́.

Alhájà Hàbíbà ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Haúsá ni àwọn bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, ó sì mọ ìlú náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Ó ń fi àga àti aṣọ yáni, ó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́, òun náà ló sì ń bá àwọn olówó kékeré wá alásè àti ayàwòrán. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ fún mi ni pé, "Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ kọ́ ẹ o. Wàhálà ni mo fẹ́ kọ́ ẹ. Ọ̀ṣọ́ rọrùn."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Odindi oṣù mẹ́fà ni mi ò fi ọwọ́ kan aṣọ kankan. Àga ni mò ń fọ̀. Alhájà á dojú àga délẹ̀, á wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì dá a padà fún mi. Ọjọ́ kan ni mo bi í pé ta ló fẹ́ rí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ àga. Ó ní, "Ọmọdé tó bá rá wọ abẹ́ tábìlì." Mo tún àga náà fọ̀.

Nígbà tó wá gbà kí n máa fọwọ́ kan aṣọ, mo gbàgbé píìnì kan sára aṣọ àga ìyàwó. Ìyàwó jókòó, píìnì gún un, ẹ̀jẹ̀ kán sára aṣọ funfun rẹ̀. Alhájà ò bú mi níwájú èèyàn. Ní ọjọ́ Ajé, ó kó gbogbo aṣọ àga tó wà ní ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ní kí n máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ tìẹ ni kó kọ́kọ́ gbọgbẹ́." Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó parí. Mo rí píìnì mẹ́rin sí i. Láti ọjọ́ náà, aṣọ kankan ò kúrò lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á.

Ohun mìíràn tó kọ́ mi ni pé kí n lọ sí ibi ìnáwó ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní wákàtí kan náà tí ayẹyẹ yóò wáyé, kí n jókòó síbi tí ìyàwó máa jókòó sí. Ó ní oòrùn ò gba ìwé ìpè, àmọ́ ó máa ń wá. Òótọ́ ni. Mélòó-mélòó ni ibi tí mo rí tó tutù láàárọ̀, tó jẹ́ pé bó bá di aago méjì ọ̀sán, ojú ìyàwó gan-an ni oòrùn máa ń ràn sí.

Láyé ìgbà náà, kò sí fóònù alágbèéká. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá alásè ń bọ̀, ilé rẹ̀ lo máa lọ. Èmi ni Alhájà máa ń rán, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn láti Ṣàngó dé ibikíbi. Ó bá mi lára mu. Nígbà tí fóònù wá dé, gbogbo wa yọ̀, àfi Alhájà. Ó ní wọ́n ti fún àwọn oníṣẹ́ ní ohun tí wọ́n á máa fi purọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹnìkan bá ní òun ti wà lọ́nà, kì í bá a jiyàn. Á kàn bi í pé, "Kí ni ojú ẹ ń wò báyìí?" Ẹni tó bá wà lọ́nà á dáhùn kíákíá pé ilé epo ni, pé mọ́ṣáláṣí ni. Ẹni tó wà nílé á kọ́kọ́ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Alhájà ń gbọ́.

Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó ṣàdúà fún mi pé kí n máa lọ. Mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Àwọn tó ń wá bá mi ni olùkọ́, nọ́ọ̀sì, télọ̀, àwọn akọ̀wé ìjọba tí wọn ò tíì ga lẹ́nu iṣẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n ọmọge tó ti ń ro ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtẹ́ eku. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: nínú gbogbo ohun tó o fẹ́, èwo ló jẹ́ pé bí kò bá sí, wàá sunkún? Ìyẹn nìkan la ó fi gbogbo agbára wa ṣe. Ìyókù, a ó yá a, a ó dín in kù, tàbí ká fi í sílẹ̀.

Ìdáhùn wọn máa ń yà mí lẹ́nu. Ọmọbìnrin kan nínú ìlú, tí wọ́n fẹ́ ṣe wólímọ̀, ayẹyẹ ìparí kéwú, fún kí wọ́n tó so yìgì rẹ̀, kò béèrè òdòdó, kò béèrè kéèkì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó dára ló fẹ́. Etí bàbá rẹ̀ ti ń kú, bàbá náà ló sì kọ́ ọ ní kéwú láti kékeré. Ó fẹ́ kí bàbá náà gbọ́ òun bí òun bá ń ka Kùránì. A yọ ẹran kúrò nínú oúnjẹ, a fi ẹyin sí i, a gba ẹ̀rọ tó dára jù tí mo mọ̀ ní Ìlọrin. Mo ń sáré kiri lẹ́yìn ilé nítorí alásè tó ní omi òun ti tán, bí ohùn ọmọ náà ṣe gba gbogbo àdúgbò nìyẹn. Àwọn tó wà níwájú ló sọ fún mi pé bàbá náà ń mi orí tẹ̀lé e.

Àwọn oníṣẹ́ wá ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn ni iṣẹ́ yín o, kì í ṣe ìyàwó. Mo ti rí oníkéèkì tí a ní kó ṣe kéèkì funfun, tó gbé aláwọ̀ ewé wá, tó ní bí ẹ̀mí ṣe darí òun nìyẹn. Mo ti rí ayàwòrán tó mú àwòrán ìyàwó sọ́wọ́ títí ìyàwó fi bímọ. Mo ti rí ẹni tó ń kun ojú ìyàwó, tó kun apá kan tán, tó wá jáde lọ dá ẹlòmíì lóhùn. Mi kì í bá wọn jà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Màá jókòó tì wọ́n, màá kí wọn, màá béèrè ọmọ wọn, mi ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe é. Ara àwọn míì ò lè gba kí wọ́n máa wo àwọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣe é kí n lè lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mi ò fẹ́ sọ.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Mọ́rẹ́nikẹ́. Ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ, kò ní ẹlòmíràn. Nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè mi, ó ní òun fẹ́ kí ìyá àgbà òun jókòó síwájú gbogbo èèyàn, lábẹ́ kánópì funfun, ní pápá ilé-ìwé tí òun ti ń kọ́ni, kí ó máa gba ìkíni bí ọbabìnrin. Mo ṣèlérí fún un. Mo gbé iṣẹ́ kánópì náà fún Gàníyù, oníkánópì tí mo ti ń bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà.

Bó ṣe ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìdílé ọlọ́rọ̀ kan ránṣẹ́ pè mí. Ẹni tó ń ṣètò ìgbéyàwó ọmọ wọn ti já wọn kulẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni, Tanke ni. Mi ò ní purọ́ fún yín: owó wọn pọ̀, ọkàn mi sì fà sí i. Mo sọ fún ara mi pé mo ní fóònù, mo lè wà níbi méjì. Àwọn àgbà ti ní ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo tiẹ̀ máa ń pa á fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo pe Gàníyù láti Tanke. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, nígbà tí atẹ́gùn máa ń ṣáájú òjò dé. Mo bi í bóyá ó ti gbá èèkàn mọ́lẹ̀. Ó ní ó ti parí. Mo bi í ní ìbéèrè Alhájà: kí ni ojú ẹ ń wò báyìí? Kò dákẹ́ rárá. Ó ní, "Àǹtí, èèkàn náà ni mò ń wò." Ọkàn mi balẹ̀.

Lẹ́yìn aago méjìlá díẹ̀, atẹ́gùn dé. Ní Tanke, ó gbé ìwé ìṣètò ayẹyẹ mẹ́ta-mẹ́rin lórí tábìlì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní pápá ilé-ìwé Mọ́rẹ́nikẹ́, ó gbé kánópì odindi. Irin rẹ̀ wó lu orí ìlà àkọ́kọ́, níbi tí a gbé àga ìyá àgbà sí. Àwọn yòókù sá. Ìyá àgbà ò lè sá.

Nígbà tí mo débẹ̀, òjò ti rọ̀ kọjá, wọ́n ti gbé ìyá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Mo tẹ̀lé wọn. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú aṣọ ìyàwó, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún aṣọ náà. Kò pariwo mọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Àǹtí, níbo lẹ wà?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń fi gèlè mi nu ẹrẹ̀ ara aṣọ rẹ̀.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ní kí gbogbo èèyàn máa lọ sílé, pé ó parí. Ìyá àgbà ló ránṣẹ́ láti inú yàrá pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sílé. Wọ́n ti so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ó ní oúnjẹ tí òun fi owó ìfẹ̀yìntì òun rà kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Ni mo bá sáré padà. Èmi àti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ gbá kíláàsì mẹ́ta, a to bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ilé-ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a bu oúnjẹ. Kò sí àyè láti so aṣọ funfun. Abẹ́ A B D tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ni ìyàwó àti ọkọ jókòó sí. Wọ́n jẹun díẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n sì padà sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ kejì ni mo rí Gàníyù. Ilẹ̀ pápá náà le nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, èèkàn ò wọlé, ó sì fi búlọ́ọ̀kù so okùn. Mo ní, ṣebí o ní èèkàn lò ń wò. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mi ò purọ́, Àǹtí. Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, níwájú mi."

Mo lọ sọ́dọ̀ Alhájà. Ó ti dàgbà, ó ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Mo rò pé á bú mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó kàn bi mí ìgbà wo ni mo fi ojú ara mi wo èèkàn kẹ́yìn. Mi ò rántí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní kí ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé òun wá síbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fi òòlù gbá èèkàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbá èyí tó kẹ́yìn tán, ó dìde, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà náà. Mò ń fọ aṣọ fún un, mò ń di irun rẹ̀. Kò fi oyin sí i fún mi. Ó máa ń ní, "Ìwọ lo jẹ́ kí n máa fi ọwọ́ òsì jẹun bí aláìlẹ́kọ̀ọ́." Màá dọ̀bálẹ̀ lọ́kàn, màá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Gàníyù náà wá bẹ̀ ẹ́, ìyá àgbà ní kó lọ tún òrùlé ilé ìdáná òun ṣe, ó sì ṣe é. Lọ́jọ́ tí ìyá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ṣíbí fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sọ fún un pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó jẹ òkèlè kan tán kó tó dá mi lóhùn.

"Ẹni tó bá ti mọ bí kánópì ṣe ń wó ni kó máa gbé e ró. Àbí ẹni tí ò mọ̀ lo fẹ́ fi wá sílẹ̀ fún?"

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò gba ìgbéyàwó méjì lọ́jọ́ kan mọ́ láé.

Ọ̀pọ̀ nǹkan yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Ìwé tí mo ń kọ ètò sí di Wásáàpù. Ọmọge á gbé fóònù dání, á fi ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe létí òkun nílẹ̀ òkèèrè hàn mí, á ní irú rẹ̀ gan-an lòun ń fẹ́ ní Ṣàngó. Màá tún bi í ní ìbéèrè mi. Jẹnẹrétọ̀ ń di sólà, iná kéékèèké ń rọ́pò òdòdó. Àwọn oníṣẹ́ náà ń gbọ́n sí i. Fóònù ti lè fi ibi tí èèyàn wà hàn ọ́ báyìí, mo sì rò pé irọ́ ti parí. Ni alásè kan bá fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí mi, mo ń rí i tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú títì. Ọlọ́kadà ló dé. Alásè ti gbé fóònù rẹ̀ fún un pé kó máa gbé e lọ ṣáájú, òun ṣì ń bọ ewébẹ̀ nílé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà ni mo lọ jókòó ti alásè náà nílé rẹ̀.

Orúnkún ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo gun àkàbà lọ́jọ́ kan, mi ò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì ló gbé mi bí àpò ìrẹsì. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún wọn kí ọdún náà tó parí.

Lọ́dún tó kọjá, Tọ́pẹ́ ọmọ mi ṣe ìgbéyàwó. Mo ti ń ka àwọn oníṣẹ́ lórí ìka kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó mú mi lọ́wọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹlòmíì ló máa ṣètò rẹ̀. Ẹ̀yin, ìyá ìyàwó ni yín." Inú bí mi. Mo rò pé iṣẹ́ mi ò dára lójú rẹ̀ mọ́ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi mí sí ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Mo rí i pé aṣọ orí pẹpẹ wọ́ sí apá kan. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń bínú nípa àga níta. Gbogbo ẹran ara mi ló fẹ́ dìde lọ síta.

Nígbà náà ni pásítọ̀ ní kí wọ́n kọjú síra wọn, kí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì í, ó tún bẹ̀rẹ̀. Tọ́pẹ́ dúró dè é. Nígbà tó kan òun, ó sọ tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nínú àìsàn àti nínú ìlera, bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ṣètò ọjọ́ yìí fún àwọn èèyàn, ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń wà ní wákàtí yìí, tí mò ń dúró de ẹnìkan. Mi ò gbọ́ ẹ̀jẹ́ náà rí.

Mo fi orí sún mọ́ ọkọ mi, mo bi í pé, "Ṣé bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí?"

"Bí àwa náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn," ló ní.